Irin Tó Dán Nìkan Kọ́ Ni Ara Ń Fẹ́: Ìtàn Ìmọ́lẹ̀ àti Ojú Irin Ìwòsàn

Àwọn kan nínú yín ti ń bi mí pé kí ló dé tí n kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀bú. Ẹ ṣe sùúrù fún mi. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti pẹ́ lọ́kàn mi. Ọ̀rọ̀ èdè náà ni, àmọ́ ó gba inú ilé ìwòsàn kọjá.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ní àrùn sickle cell, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 29, ẹsẹ̀ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún débi pé ọ̀pá ló fi ń rìn. Àwọn dókítà ya àwòrán ẹsẹ̀ náà, wọ́n ní orí egungun itan rẹ̀ ti kú. Ohun tó ń fà á kò ṣòro láti yéni: ẹ̀jẹ̀ tó bá tẹ̀ bíi dòjé máa ń dí àwọn iṣan tín-ín-rín tó ń gbé oúnjẹ lọ fún egungun. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò bá sì dé, kíkú ló ń kú. Wọ́n ní àfi kí àwọn yọ ọ́ kúrò, kí àwọn fi irin rọ́pò rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n pè wá pé ká wá wo irú irin bẹ́ẹ̀, èmi ni mo fi ọkọ̀ gbé ẹ̀gbọ́n mi láti Ìjẹ̀bú-Òde. Dókítà gbé àpẹẹrẹ kan sórí tábìlì. Orí rẹ̀ rí roboto, ó ń dán bíi dígí. Ṣùgbọ́n ọ̀pá rẹ̀, ibi tí yóò wọ inú egungun, kò dán rárá. Àwọ̀ eérú ni, ó sì rí bíi bébà tí káfíńtà fi ń ha pákó. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ kàn án, ojú rẹ̀ yí padà. Nọ́ọ̀sì tó ń bá wa túmọ̀ ní, "Mà, ó yẹ kó rí ṣákiṣàki bẹ́ẹ̀ ni." Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Bá a ṣe jáde báyìí, ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. Láti ọjọ́ tí mo ti gba iṣẹ́ olùkọ́ ló ti ń pè mí ní Tíṣà.

"Tíṣà, irin tí wọn ò ṣe parí ni wọ́n fẹ́ fi sí ọmọ mi lára? Ìwọ náà ò rí i bó ṣe rí ni?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Mọ́tò tó o fi gbé mi wá, ṣé ṣákiṣàki ni irin inú ẹ́ńjìnnì ẹ̀?"

N kò rí èsì fọ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi sún iṣẹ́ abẹ yẹn síwájú, oṣù mẹ́ta tí ọmọ fi ń jẹ ìrora lórí ọ̀rọ̀ kan. N kò lè dá ìyá lẹ́bi. Èmi tí wọ́n fún ní oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ èdè, èmi ni n kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ kàwé. Ohun tí mo bá bọ̀ ni mo fẹ́ gbé síwájú yín lónìí.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílé

Ẹ jẹ́ ká ti ilé bẹ̀rẹ̀. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ fún ojú nǹkan, kì í sì í ṣe ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Ojú ló ni "dán": ó ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ta padà lára nǹkan. Ọwọ́ àti ahọ́n ló ni "jọ̀lọ̀": àmàlà tí wọ́n rò dáadáa a jọ̀lọ̀, bẹ́ẹ̀ kò dán. Hóró ló ni "kúnná": gàrí Ìjẹ̀bú kúnná, gbogbo ayé ló mọ̀. "Tẹ́jú" ní tiẹ̀ ń sọ nípa ìrísí ohun náà lápapọ̀. Páànù tuntun tí òkúta jábọ́ lù lè máa dán síbẹ̀, kò kàn tẹ́jú mọ́ ni. Ẹni tó bá lọ ra gàrí ní ọjà Òkè-Àjẹ kì í fi ojú lásán rà á. Yóò fi ìka fọ́n ọn, yóò sọ díẹ̀ sẹ́nu. Ó mọ̀ pé ohun tí ojú ń sọ àti ohun tí ọwọ́ ń sọ lè má bára mu.

Ní ìdà kejì, a ní ṣákiṣàki, gbágungbàgun, págunpàgun. Àbùkù ni a sábà fi wọ́n pè. Ilé tí wọn ò kọ́ dáadáa, ọ̀nà tí wọn ò ṣe, irun tí wọn ò yà. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ nìyẹn.

Síbẹ̀, àwa Ìjẹ̀bú gan-an ló yẹ kó mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ojú tí kò jọ̀lọ̀ ni àbùkù. Ẹ rántí aṣọ olọ́nà, ẹ rántí ìtagbè tí àwọn Òṣùgbó ń gbé léjìká. Ahunṣọ mọ̀-ọ́n-mọ̀ ń fa òwú yọ sókè lójú aṣọ ni, kó lè dúró ṣùṣù. Ṣakí ni wọ́n ń pè é, orúkọ inú màlúù tí gbogbo wa mọ̀ nínú ìkòkò ọbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọlá aṣọ náà wà. Ahunṣọ tó bá mú kó jọ̀lọ̀ ti ba iṣẹ́ jẹ́. Ká ní mo rántí èyí lọ́jọ́ náà!

Láti orí èékánná dé orí ìmọ́lẹ̀

Ní 1665, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Robert Hooke tẹ ìwé kan jáde tó pè ní Micrographia. Ohun tó kọ́kọ́ gbé sábẹ́ maikirosíkóòpù rẹ̀ nínú ìwé náà ni ẹnu abẹ́rẹ́, èyí tó tẹ̀ lé e sì ni ojú abẹ ìfárí. Nǹkan méjì tí gbogbo ènìyàn gbà pé kò sí ohun tó mú tó o, tó sì dán tó o. Kí ni Hooke rí? Ẹnu abẹ́rẹ́ kú, ó rí gbágungbàgun. Ojú abẹ kún fún ihà. Ẹ̀kọ́ tó kọ́ aráyé ni pé bí a bá ṣe jìnnà sí nǹkan tó ni yóò ṣe dán tó. Kò sí irin kankan tó dán tán.

Ṣùgbọ́n láti rí i jẹ́ ohun kan, láti wọ̀n ọ́n jẹ́ ohun mìíràn. Fún ọdún tó lé ní 200 lẹ́yìn Hooke, èékánná ni àwọn tó ń rọ irin fi ń yẹ iṣẹ́ wọn wò. Wọn a fi fà á kọjá lójú irin, wọn a sì sọ pé ó dára tàbí kò dára. Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú àti ẹ́ńjìnnì ńlá dé, èékánná kò tó mọ́. Ní 1941, ilé-iṣẹ́ Taylor, Taylor & Hobson ní ìlú Leicester gbé ẹ̀rọ kan jáde tó ń jẹ́ Talysurf. Abẹ́rẹ́ kékeré ló ń wọ́ lójú irin, tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ bí ọkọ̀ lórí ọ̀nà oko, ẹ̀rọ a sì ya àwòrán gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà sórí bébà. Iṣẹ́ ńlá ni. Àmọ́ abẹ́rẹ́ ní láti fara kan nǹkan. Bí ohun tí a fi bo irin bá rọ̀, abẹ́rẹ́ lè ha á. Bí kòtò inú rẹ̀ bá há, ẹnu abẹ́rẹ́ ò ní wọ̀ ọ́.

Ìmọ́lẹ̀ kì í ha nǹkan. Ìyẹn ni àwọn kan ti rí kí Talysurf tó dé rárá. Ọ̀nà mẹ́ta ni n ó sọ, àpẹẹrẹ wọn sì wà ládùúgbò wa.

Ti àkọ́kọ́: ẹ ti rí akunlé tó gbé gílóòbù sún mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àbí? Bí ó bá tan iná náà gbọọrọ síwájú ògiri, kò ní rí nǹkan kan. Bó bá jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ fi ẹ̀gbẹ́ gba ojú ògiri kọjá, gbogbo kókó, gbogbo kòtò, ni yóò yọ òjìji. Gustav Schmaltz ní ilẹ̀ Jámánì sọ ọgbọ́n yìí di ẹ̀rọ. Ó ta ìmọ́lẹ̀ tó tín-ín-rín bí okùn sójú irin láti ẹ̀gbẹ́, ó sì fi maikirosíkóòpù wo bí okùn ìmọ́lẹ̀ náà ṣe ń ṣẹ́ kọ́lọkọ̀lọ. Ní 1936 ó kó ìmọ̀ náà jọ sínú ìwé odindi lórí ojú nǹkan.

Ti èkejì: ẹ wo omi tó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Epo dísù díẹ̀ lórí rẹ̀, àwọ̀ oríṣiríṣi ni ẹ ó rí. Epo yẹn ò ní àwọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ta padà lójú epo àti èyí tó ta padà lójú omi lábẹ́ rẹ̀ ló pàdé; níbi tí ìgbì wọn bá ti bára mu, wọ́n ń gbé ara wọn lárugẹ, níbi tí wọn ò bá ti bára mu, wọ́n ń pa ara wọn. Ní 1933, Vladimir Linnik ní Leningrad lo èyí láti ṣe maikirosíkóòpù kan: ó pín ìmọ́lẹ̀ sí méjì, ó rán ìdajì sójú dígí tó tẹ́jú, ó rán ìdajì yòókù sójú irin tó fẹ́ yẹ̀ wò, ó sì jẹ́ kí méjèèjì padà pàdé. Ìlà dúdú àti funfun tó bá jáde ni yóò sọ bí irin náà ṣe ga tó níbi gbogbo. Ìran ẹ̀rọ yìí tí a ń lò lónìí lè rí ìyàtọ̀ gíga tó kéré ju ìdá kan nínú mílíọ̀nù mítà lọ dáadáa.

Ti ẹ̀kẹta: Marvin Minsky ní Amẹ́ríkà gba ẹ̀tọ́ àṣẹ-ìhùmọ̀ ní 1961 fún maikirosíkóòpù tó fi ihò kékeré dí ọ̀nà ìmọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó wá láti ibi tí dígí ti wò gbòǹgbòǹ nìkan ló ń ráàyè kọjá. Bí a bá wá ń gbé e sókè sódò díẹ̀díẹ̀, a ó mọ ibi tí òkè wà àti ibi tí àfonífojì wà lójú irin.

Egungun dá sí ọ̀rọ̀

Gbogbo èyí, ti ẹ́ńjìnnì ni. Báwo ló ṣe dé inú ara ènìyàn?

Ní 1952, ní ìlú Lund ní Sweden, Per-Ingvar Brånemark ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú egungun ehoro. Ó fi fèrèsé kékeré tí wọ́n fi irin titanium ṣe sínú egungun ẹsẹ̀ ehoro náà, kó lè máa fi maikirosíkóòpù yọjú wo inú rẹ̀. Nígbà tó parí, ó fẹ́ yọ irin rẹ̀, torí owó ńlá ni wọ́n fi ṣe é. Irin kọ̀, kò yọ. Egungun ti hù mọ́ ọn. Ẹ ò rí nǹkan! Ìmọ́lẹ̀ ló ń wá, irin ló bá pàdé. Ní 1965 ó fi irin titanium sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkùnrin kan, Gösta Larsson, kí eyín rẹ̀ lè jókòó lé e. Ó wà níbẹ̀ títí Larsson fi kú ní 2006.

Láàárín ìgbà kan náà, John Charnley ní ilé ìwòsàn Wrightington ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wá ọ̀nà láti pààrọ̀ oríkèé ìbàdí. Ohun tó kọ́kọ́ fi ṣe ìkòkò oríkèé náà ni Teflon, nítorí pé ó jọ̀lọ̀ ju ohunkóhun lọ. Láàárín ọdún díẹ̀ ó ti jẹ tán, àwọn aláìsàn bí 300 ni wọ́n sì ní láti tún gé padà. Ní 1962 ó bọ́ sórí polyethylene, èyí sì ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ṣì ń lò. Ohun tí jọ̀lọ̀ fún ọwọ́ kò fi hàn ni bí nǹkan yóò ṣe lo ara tó. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Níbí ni ìdáhùn ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi wà. Irin ìbàdí kan ní ojú méjì. Orí rẹ̀ ń yí nínú ìkòkò oríkèé ní gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá gbẹ́sẹ̀, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ dán, bí irin inú ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pá rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ yí rárá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kí egungun dì í mú. Charnley lo ohun kan bíi sìmẹ́ǹtì láti lẹ̀ ẹ́ mọ́ egungun. Nígbà tó yá, àwọn mìíràn fẹ́ kí egungun fúnra rẹ̀ lẹ̀ mọ́ irin, bíi ti ehoro Brånemark. Ní 1985, Furlong ní London bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọ̀pá tí wọ́n fi hydroxyapatite bo. Èròjà egungun àti eyín ni hydroxyapatite jẹ́. Iná tó gbóná kọjá àfẹnusọ ni wọ́n fi ń yọ́ ìyẹ̀fun rẹ̀, tí wọ́n á sì fẹ́ ẹ lu irin. Ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan á tẹ́ pẹlẹbẹ, á gbẹ lójú ẹsẹ̀, òmíràn á bà lé e.

Nígbà tí mo kà ibí yìí, ó ṣe mí bíi pé mo ti rí i rí. Bíríkìlà kan ń tún ògiri ọgbà mi ṣe lọ́sẹ̀ náà. Kó tó rẹ́ òpó kọnkéré tó dán, ó kọ́kọ́ fi síbí ju sìmẹ́ǹtì ṣíṣàn lù ú, fáú, fáú. Mo bi í pé kí ló dé tó ń ba òpó mi jẹ́. Ó rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, bó bá dán báyìí, gbogbo ohun tá a bá rẹ́ mọ́ ọn ló máa ṣí kúrò. À ń fún un ní ojú tó máa fi dì í mú ni, sà."

Ojú tó máa fi dì í mú! Gbogbo ìwé tí mo kà, kò sí èyí tó sọ ọ́ dáa tó bẹ́ẹ̀.

Báwo ló ṣe yẹ kó ṣákiṣàki tó?

Ìbéèrè tó kù nìyẹn, ìmọ́lẹ̀ ló sì dáhùn rẹ̀. Ní ìlú Gothenburg ní Sweden, Ann Wennerberg fi maikirosíkóòpù irú ti Minsky wọn ojú oríṣiríṣi irin titanium, ó fi wọ́n sínú egungun ehoro, ó sì yẹ èyí tí egungun dì mú jù wò. Ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ jáde ní 1996. Ohun tí iṣẹ́ náà àti àwọn tó tẹ̀ lé e fi hàn ni pé ojú tí gíga-sísọ̀ rẹ̀ jẹ́ bíi maikirómítà 1 sí 2 ni egungun fẹ́ràn jù. Bó bá dán ju bẹ́ẹ̀ lọ, egungun ò rí ibi dì mú tó. Bó bá sì ṣákiṣàki ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí èrè lórí rẹ̀.

Kí ni maikirómítà? Pín mílímità kan sí ọ̀nà 1,000, ìpín kan ni. Irun orí wa kan nípọn tó bíi 70. Ta ni ìka ọwọ́ rẹ̀ lè sọ pé maikirómítà méjì nìyí, pé mẹ́ta nìyẹn? Láti 2012, òfin àgbáyé ISO 25178 ti ní apá kan tó ṣàlàyé bí a ó ṣe ka odindi ojú nǹkan, tí kì í ṣe ìlà kan ṣoṣo bíi ti abẹ́rẹ́ àtijọ́.

Kí ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni. Ní 2009, ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Materials Science and Engineering C lórí bí a ṣe lè fi lésà la poro tẹ́ẹ́rẹ́ sójú titanium, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ bíi maikirómítà 10, kí sẹ́ẹ̀lì egungun lè to tẹ̀ lé e bí àgbẹ̀ ṣe ń to ẹ̀gẹ́ sórí ebè. A. Y. Fasasi ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, ni orúkọ rẹ̀ ṣíwájú. Winston Soboyejo, tó wà ní Princeton nígbà náà, wà lára àwọn tó bá a ṣe é. Kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú tó máa rí orúkọ tó fi Ṣó bẹ̀rẹ̀ tí kò ní rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ohun tí ìmọ́lẹ̀ kò rí

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé mo ń polówó ẹ̀rọ. Ní oṣù Kejìlá 2000, ilé-iṣẹ́ Sulzer ní Amẹ́ríkà kéde pé àwọn ń kó ìkòkò oríkèé ìbàdí kan tó ń jẹ́ Inter-Op padà. Wọ́n ti fi irú rẹ̀ sára ènìyàn tó tó 17,500. Ojú rẹ̀ ṣákiṣàki bó ṣe yẹ. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni pé epo ẹ̀rọ díẹ̀ kù lára rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́, egungun ò sì fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ní láti padà sábẹ́ ọ̀bẹ. Ẹ̀rọ tó ń wọn gíga àti jíjìn lè sọ pé ohun gbogbo pé, kí epo sì wà níbẹ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, àmọ́ ojú méjì ni alákàn ní.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn. Ní orílẹ̀-èdè tí ọmọ tó lé ní 100,000 ń bá àrùn sickle cell wáyé lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ irin ìbàdí kì í ṣe ti arúgbó nìkan. Irin tó dáa máa ń wà nínú páálí tí wọ́n dì pa, tí kò sẹ́ni tó tíì ṣí i. Lára páálí náà ni ìlẹ̀mọ́ kékeré wà tó gbé orúkọ ilé-iṣẹ́ àti nọ́ńbà tí wọ́n fi mọ èyí tí wọ́n ṣe pa pọ̀. Ẹ ní kí wọ́n lẹ ọ̀kan mọ́ fáìlì yín, kí wọ́n fún yín ní ọ̀kan mú relé. Bí irú ti ọdún 2000 bá tún ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà yẹn ni wọn yóò fi mọ̀ bóyá tiyín wà níbẹ̀. NAFDAC ló ń mójú tó irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Kò sí ohun tó burú nínú kí ẹ bi ẹni tó ń tà á pé ṣé ó ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti dókítà tó ń ka èyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pè é ní ṣákiṣàki mọ́ níwájú ìyá aláìsàn. Ẹ pè é ní "ojú ìdìmú." Mo yá a lẹ́nu bíríkìlà, mo sì fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹ pe ti orí rẹ̀ ní "ojú ìyí." Ojú ìyí gbọ́dọ̀ dán, ojú ìdìmú kò gbọ́dọ̀ dán. Ọ̀rọ̀ méjì péré.

Mo mú ẹ̀gbọ́n mi lọ sẹ́yìn ilé lọ́jọ́ tí mo rí ọ̀rọ̀ náà, mo fi òpó hàn án, mo ṣàlàyé. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Tíṣà, ṣé ohun tó o fi oṣù mẹ́ta wá kiri nìyí, tí bíríkìlà mọ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ní kí n pe dókítà.

Ọmọ náà ti ń rìn láìlo ọ̀pá báyìí. Ìlẹ̀mọ́ páálí rẹ̀ wà nínú Bíbélì ìyá rẹ̀.